Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gbẹ́ni Mark Zuckerberg: Ẹ má ṣe mú àwọn olùṣàyẹ̀wò ìròyìn kúrò láàárín wa

Sí Ọ̀gbẹ́ni Mark Zuckerberg,
Olùdásílẹ̀ àti Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Meta.

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Zuckerberg.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ẹ gbé fídíò kan jáde tí ẹ fi kéde pé ilé-iṣẹ́ yín yóò fòpin sí àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìròyìn lórí Facebook, Instagram àti Threads, àti pé ètò kan tí ń jẹ́ Community Notes, níbi tí àwọn tó ń lo ojú òpó náà fúnra wọn ti ń kọ àlàyé sábẹ́ ọ̀rọ̀, èyí tí ẹ wo àwòṣe rẹ̀ lára X (tí ó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀), ni yóò rọ́pò wọn. Ẹ ní Amẹ́ríkà ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún kan náà, iṣẹ́ àwọn àjọ wọ̀nyí ti dópin ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá sọ pé ibì kan ni òun ti ń bẹ̀rẹ̀ ti jẹ́ kí a mọ̀ pé òun lè má dúró síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwa tí a ń ka ìròyìn, tí a ń gbọ́ ọ, tí a sì ń jiyàn lé e lórí ní èdè Yorùbá, ní Nàìjíríà, ní Benin, ní Togo àti ní gbogbo ibi tí àwọn ènìyàn wa tẹ̀dó sí.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá ilé-iṣẹ́ yín. Ojú òpó yín ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti ń gbọ́ ìròyìn ìbí àti ti ikú, ti oyè àti ti ìdìbò. Nígbà tí ẹ wá sí Yaba ní Èkó ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2016, láti wo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi gbà yín. Ohun tí mo ní láti sọ fún yín kò lọ́jú pọ̀: ìpinnu tí ẹ ṣe nítorí ìjà òṣèlú Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ di òfin lé orí àwọn ènìyàn tí kò sí nínú ìjà náà, tí irọ́ orí fóònù ti pa ènìyàn lára wọn, tí ẹ kò sì tíì pèsè ohunkóhun tó lè dípò ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ mi ní ẹsẹẹsẹ.

1. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdí tí ẹ fún ayé. Ẹ ní àwọn olùṣàyẹ̀wò ìròyìn ti gbè sẹ́yìn apá kan jù nínú òṣèlú, àti pé ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n bàjẹ́ pọ̀ ju èyí tí wọ́n gbé ró lọ, pàápàá jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ dárúkọ Amẹ́ríkà. Nínú ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà, n kò rí ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kan Nàìjíríà, Kenya, Senegal tàbí South Africa. Ẹ kò tọ́ka sí iṣẹ́ kankan tí Africa Check tàbí Dubawa, àwọn àjọ olùṣàyẹ̀wò ìròyìn ní Áfíríkà, ṣe, kí ẹ sì fi hàn wá pé ẹ̀tanú òṣèlú ló wà nídìí rẹ̀. A kì í fi ẹ̀sùn tí a fi kan ẹnì kan rán ẹlòmíràn tí kò dé kóòtù lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo bí àwọn ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, lẹ́yìn ìdìbò Amẹ́ríkà, ẹ ní ọ̀rọ̀ wèrè ni kí ẹnikẹ́ni máa rò pé ìròyìn òfegè orí Facebook nípa lórí ìdìbò náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn gan-an, ẹ dá ètò àyẹ̀wò ìròyìn sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ẹ jáde sọ pé ẹ kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Ọdún mẹ́jọ ni ètò náà lò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ yín fi mílíọ̀nù kan dọ́là ta ayẹyẹ ìbúra Ààrẹ Donald Trump lọ́rẹ. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ kéde òpin ètò náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà, ẹ wà níbi ìbúra. Kí oṣù sì tó parí, ilé-iṣẹ́ yín gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ tí Trump pè é lórí ojú òpó rẹ̀ tí ẹ tì pa lẹ́yìn ìkọlù sí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021. N kò ní ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ra ìpinnu yín, n kò sì ní fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn yín. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá to àwọn ọjọ́ wọ̀nyí yóò rí i pé ìgbà tí agbára ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní Washington ni ìlànà yín lórí òótọ́ àti irọ́ náà ń yí padà. Báwo ni ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Kétu yóò ṣe fọkàn tán ìlànà tó ń tẹ̀ lé ìjọba ìlú òkèèrè lẹ́yìn bẹ́ẹ̀?

Kì í ṣe èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Oversight Board, ìgbìmọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín dá sílẹ̀ láti máa yẹ ìpinnu yín wò, sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ìkánjú ni ẹ fi kéde àwọn àyípadà náà, àti pé ẹ kò sọ ní gbangba bóyá ẹ ṣe ìwádìí kankan lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kí ẹ tó kéde wọn.

2. Ọ̀rọ̀ tó gbòde nípa àwọn olùṣàyẹ̀wò ìròyìn ni pé wọ́n ń pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ òfin iṣẹ́ wọn. Àjọ kankan nínú wọn kò ní agbára láti pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́ lórí Facebook. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n pe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kí wọ́n wá ibi tí àwòrán ti ṣẹ̀ wá, kí wọ́n kọ àbọ̀ ìwádìí síta pẹ̀lú ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè tún yẹ̀ wò, kí wọ́n sì sọ bóyá irọ́ ni, bóyá wọ́n ti fọwọ́ yí àwòrán padà, tàbí bóyá apá kan ọ̀rọ̀ ni òótọ́. Ẹ̀yin lẹ ó wá fi àkọlé ìkìlọ̀ sí i, ẹ̀yin náà lẹ ó sì dín iye ènìyàn tí yóò rí i kù. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá rí tí wọ́n pa rẹ́ pátápátá, òfin ilé-iṣẹ́ yín àti àwọn òṣìṣẹ́ yín ló pa á rẹ́. Ẹ̀yin lẹ tún pàṣẹ fún àwọn olùṣàyẹ̀wò pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí olóṣèlú bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí a bá ń wá ibi tí ojúsàájú òṣèlú wà nínú ètò yìí, ibẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Àwọn olùṣàyẹ̀wò máa ń ṣi iṣẹ́ ṣe nígbà mìíràn, n kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí àṣìṣe tó dun àwa jù. Lẹ́yìn tí ìbọn dún ní Lekki ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán #EndSARS sí ojú òpó yín rí i pé àmì irọ́ ni ẹ ń lẹ̀ mọ́ ohun tí àwọn fi ojú ara wọn rí. Ọgbẹ́ ìbọn kò tíì jinná, ẹ̀rọ ti ń sọ fún wọn pé wọ́n ń purọ́. Ilé-iṣẹ́ yín tọrọ àforíjì, ó sì gbà pé ẹ̀rọ òun ló ṣi àmì náà lẹ̀. Ohun tí a fẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà ni pé kí ẹ tún ẹ̀rọ ṣe, kí ẹ sì gba ènìyàn púpọ̀ sí i tó mọ ìlú wa, tó gbọ́ èdè wa. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó ní kí ẹ lé àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ.

3. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn yìí, nítorí pé ibí ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà jù lọ.

Ní oṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn lóru pé kí oníkálùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, pé òun ni àjẹsára àrùn náà. Wọ́n jí àwọn ọmọdé lójú oorun, wọ́n sì bu omi iyọ̀ fún àwọn arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà pé ó kéré tán ènìyàn méjì ni omi iyọ̀ ti pa ní Nàìjíríà. Ènìyàn 8 ni Ebola fúnra rẹ̀ pa ní orílẹ̀-èdè wa kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ gbé iye méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Ọ̀gbẹ́ni Zuckerberg, kí ẹ tó sọ pé ìyàtọ̀ èrò lásán ni ọ̀rọ̀ ìròyìn òfegè.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Plateau. Kí wọ́n tó sin òkú tán, àwọn fọ́tò tó bani lẹ́rù ti gba Facebook, tí wọ́n ní àwọn tí wọ́n pa nínú ìkọlù náà ni. BBC ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé díẹ̀ nínú àwọn àwòrán náà kì í ṣe ti ibẹ̀ rárá; àwọn ọlọ́pàá sì sọ pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn ènìyàn dìde láti gbẹ̀san lára àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìpànìyàn yìí, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ni ètò àyẹ̀wò ìròyìn yín tó wọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2019 ni ẹ fi èdè Yorùbá àti Igbo kún Hausa tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé ẹ kò mọ ìdí tí ó fi di dandan.

Ní ọdún 2018 yẹn náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti kú, àti pé ará Sudan kan tí wọ́n ń pè ní Jubril ló wà lórí àga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le dé ibi pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ ní láti sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Poland, ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, pé òun gan-an ni òun ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé, tí wọ́n sì di ipò mú. Nígbà tó di ìdìbò ọdún 2023, irọ́ ti ní ohùn: ohùn kan jáde tí wọ́n ní ti Atiku Abubakar àti àwọn èèkàn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, pé wọ́n ń gbìmọ̀ láti jí ìbò. Àwọn olùṣàyẹ̀wò ìròyìn ní Nàìjíríà, Dubawa lára wọn, ló tú ohùn náà palẹ̀, tí wọ́n sì fi hàn pé ayédèrú ni. N kò mọ ẹlòmíràn tí ìbá ṣe iṣẹ́ yẹn ní àárín ìdìbò, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ti gbaná jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò nílé. Ní Myanmar, lẹ́yìn tí àwọn Rohingya tó lé ní 700,000 ti sá fi ìlú sílẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ yín gbà ní ọdún 2018 pé òun kò ṣe tó láti dènà àwọn tó ń fi Facebook ru ìwà ipá sókè. Nígbà tí ẹ dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ìlérí yín ni pé ẹ ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i tó gbọ́ èdè Burma. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ní Ethiopia, wọ́n pa ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Bahir Dar ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, lẹ́yìn tí àwọn kan ti kọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra nípa rẹ̀ sórí Facebook. Ọmọ rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ yín lẹ́jọ́ ní Nairobi, ilé ẹjọ́ gíga níbẹ̀ sì ti sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé òun ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Oṣù yẹn kan náà ni ẹ ń palẹ̀ àwọn olùṣàyẹ̀wò mọ́ ní Amẹ́ríkà.

4. N kò kórìíra Community Notes. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára: pé kí ará ìlú fúnra wọn kọ àlàyé sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà, kí àlàyé náà má sì hàn síta àfi bí àwọn tí èrò wọn kì í sábà dọ́gba bá jọ gbà pé ó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí yóò ṣe rí bí ó bá dá wà láàárín wa.

Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní oṣù Kẹta ọdún 2025, èdè mẹ́fà ni ẹ fi ṣe é: Gẹ̀ẹ́sì, Spanish, Chinese, Vietnamese, Faransé àti Potogí. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti kọ àlàyé ní Amẹ́ríkà tó nǹkan bí 200,000. Ètò tí kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn bá ń dìbò lórí àlàyé ara wọn lójoojúmọ́, báwo ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ ní èdè tí ẹ kò tíì fún ní ìlẹ̀kùn àbáwọlé? Ọ̀rọ̀ tó ń pín wa níyà náà kì í ṣe ti Democrat àti Republican. Ẹ̀sìn ni, ẹ̀yà ni, ìlú ni, oyè ni, ẹgbẹ́ òṣèlú ni, ẹni tó sì bá ẹnì kan fohùn ṣọ̀kan lónìí lórí ẹ̀sìn lè máa bá a jà lọ́la lórí ìdìbò. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti rí ìbò púpọ̀púpọ̀ kí ó tó lè mọ àwọn tí èrò wọn kì í dọ́gba láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kan tún wà tí mo rò pé àwọn tó ṣe ètò náà ní California kò lè rí láti ibi tí wọ́n wà. Ẹ ní ẹni tó bá kọ àlàyé gbọ́dọ̀ fi àdírẹ́sì ìkànnì kan tì í lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń purọ́ mọ́ láàárín wa kò ní ìkànnì kankan. Bí wọ́n bá ní àwọn kan jí ọmọ gbé ní ọjà kan ní Ọ̀yọ́, tàbí pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní Ṣáṣá, ẹni tó mọ òótọ́ ni ìyálọ́jà, tàbí ọlọ́pàá àdúgbò, tàbí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde, kí ó pè wọ́n, kí ó lọ síbẹ̀, kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Iṣẹ́ ni ìyẹn, wọ́n ń kọ́ ọ ni, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ará ìlú tó fẹ́ ṣàlàyé lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní àdírẹ́sì ìkànnì tí yóò fi síbẹ̀ bí kò bá sí akọ̀ròyìn tàbí olùṣàyẹ̀wò tó ti lọ ṣáájú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tuntun yín nílò àwọn tí ẹ ń lé lọ.

Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ ní ọ̀rọ̀ tí àlàyé bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní pàdánù ohunkóhun, ẹ̀rọ yín yóò máa pín in kiri bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ ti fi hàn rí pé dídín ìtànkálẹ̀ kù ló ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà ààrùn Kòrónà, ẹ pàṣẹ lórí WhatsApp pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti pín káàkiri jù kò gbọdọ̀ lọ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì ròyìn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ìdá 70 nínú 100 dínkù. Kí ló yí padà?

5. Ẹ má ṣe rò pé àwọn ará ìlú nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ẹ yọ ojú òpó, ẹgbẹ́ àti àkántì 265 kúrò, tí ilé-iṣẹ́ Archimedes Group ní Israel ń lò láti dá sí òṣèlú àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà, Senegal àti Togo, tí wọ́n sì ti ná nǹkan bí 812,000 dọ́là lórí ìpolówó. Ẹ̀yin lẹ gba owó ìpolówó náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ẹ tú àṣírí iṣẹ́ kan tí àwọn ènìyàn ní Ghana àti Nàìjíríà ń ṣe fún àwọn ará Russia, láti máa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti àwọ̀ da àárín àwọn ará Amẹ́ríkà rú. Irọ́ òṣèlú ti di ọjà tí wọ́n ń kó gba ojú òkun kọjá sí òdìkejì. Ẹ kò lè dáàbò bo Amẹ́ríkà kí ẹ sì fi Èkó àti Lomé sílẹ̀ ní gbalasa. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ẹ ti CrowdTangle pa, ohun èlò tí àwọn akọ̀ròyìn àti olùwádìí fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe ń tàn. Ní oṣù méjì ṣáájú ìyẹn, ẹ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti máa pawó lórí fídíò wọn ní Facebook. Inú wa dùn sí owó náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi irọ́ kó èrò jọ náà ń gba tirẹ̀, ó sì ti ṣòro ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láti mọ ibi tó ti rí irọ́ rẹ̀.

6. Àwọn kan láàárín wa yóò sọ pé kí ìjọba Nàìjíríà bójú tó o. Mo bẹ̀rù èyí ju ohunkóhun lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Twitter pa ọ̀rọ̀ Ààrẹ Buhari kan rẹ́, ìjọba ti Twitter pa fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Wọ́n ti fi òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 mú àwọn akọ̀ròyìn nítorí ohun tí wọ́n kọ. Àwọn àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìròyìn, tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, tí wọ́n sì máa ń sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ mínísítà nígbà tí ó bá jẹ́ irọ́, wà lára ohun tí a lè nà síta gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn nígbà tí àwọn aṣòfin bá ní àwọn fẹ́ ṣe òfin tuntun lórí ìròyìn òfegè. Bí ẹ bá yọ wọ́n kúrò, àyè náà kò ní ṣófo. Àwọn tí ó wù láti máa sọ ohun tí í ṣe òótọ́ fún gbogbo ènìyàn yóò jókòó sí i, ọlọ́pàá ni wọn yóò sì fi ṣe é. Ẹ ní nítorí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ni ẹ ṣe ṣe ìpinnu yín. Ní ọ̀dọ̀ wa, òmìnira náà gan-an ni yóò fara gbá a.

7. Owó kò wọ́n yín. Èrè yín ní ọdún 2024 lé ní bílíọ̀nù 62 dọ́là. Gbogbo ohun tí ẹ ní ẹ ti ná lórí ètò àyẹ̀wò ìròyìn ní gbogbo ayé láti ọdún 2016 títí di ọdún 2022 jẹ́ mílíọ̀nù 100 dọ́là àti díẹ̀ lé. Ẹ kò lè fi ìmọ̀ èdè wa kẹ́wọ́ náà, nítorí pé ní ọdún 2022 ilé-iṣẹ́ yín ṣe ẹ̀rọ ìtumọ̀ tó gbọ́ èdè 200, èdè Áfíríkà 55 lára wọn, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ìwé inú ilé-iṣẹ́ yín bọ́ síta ní ọdún 2021, tó hàn pé ìdá 87 nínú 100 àkókò tí ẹ ń ná lórí dídá ìròyìn òfegè mọ̀ ń lọ sórí Amẹ́ríkà nìkan, agbẹnusọ yín dáhùn pé iye náà kò pé, nítorí kò ka àwọn olùṣàyẹ̀wò ìròyìn mọ́ ọn, tí ọ̀pọ̀ wọn wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Àwọn ni ẹ fi gba ara yín sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá lé wọn lọ, kí ni ẹ ó sọ nígbà tí wọ́n bá tún bi yín ní irú ìbéèrè yẹn?

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí:

a. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba pé ètò àyẹ̀wò ìròyìn yín kò ní dópin ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká kí ẹ tó ṣe ìwádìí lórí ewu tó wà níbẹ̀, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde. Àti pé ohunkóhun kò ní yí padà ní Nàìjíríà kí ìdìbò ọdún 2027 àti gbogbo ẹjọ́ tó bá tẹ̀ lé e tó parí.

b. Kí ẹ sọ iye ènìyàn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò fún yín ní èdè Yorùbá, ibi tí wọ́n wà, àti bóyá òṣìṣẹ́ yín ni wọ́n tàbí ti agbaṣẹ́ṣe.

d. Bí Community Notes bá máa wọ ọ̀dọ̀ wa, kí ó wọlé ní èdè wa, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn olùṣàyẹ̀wò, kí ẹ gba ẹ̀rí ohùn àti àwòrán tí a gbà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ dípò kí ẹ máa béèrè àdírẹ́sì ìkànnì nìkan, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì ti fi hàn pé irọ́ ni má ṣe máa tàn bíi ti tẹ́lẹ̀.

e. Kí ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ lórí fídíò tàbí ọ̀rọ̀ tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé irọ́ ni, kí ẹni tí ẹ bá gba owó rẹ̀ sì ní ibi tí yóò ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní èdè rẹ̀.

ẹ. Kí ẹ dá ohun èlò bíi CrowdTangle padà fún àwọn yàrá ìròyìn àti fún àwọn olùwádìí ní yunifásítì wa, ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀, ní Èkó àti ní àwọn ibòmíràn, láìjẹ́ pé wọ́n ní láti tọrọ àṣẹ fún oṣù púpọ̀.

f. Kí ẹ yí òfin tó dáàbò bo àwọn olóṣèlú kúrò lọ́wọ́ àyẹ̀wò padà. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìbò wa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

g. Kí àdéhùn yín pẹ̀lú àwọn àjọ olùṣàyẹ̀wò jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹ sì fún wọn ní ìkìlọ̀ ọdún kan, ó kéré tán, bí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, kí wọ́n má baà jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n gbọ́ òpin iṣẹ́ wọn nínú fídíò.

Ẹ jọ̀wọ́, kí èsì yín wà ní gbangba bí lẹ́tà yìí ṣe wà ní gbangba, kí ó sì dá àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún ń bẹ àwọn akọ̀ròyìn wa, àwọn àjọ aṣòfin wa lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn, àti Oversight Board tí mo dárúkọ lókè, pé kí wọ́n bá wa gba èsì náà lọ́wọ́ yín kí ìpolongo ìbò ọdún 2027 tó gbóná.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé ìròyìn ní èdè Yorùbá,
Ìbàdàn.